Okùn Líle Tó Wà Láàárín Ikùn àti Itan



Ọ̀rọ̀ oṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ìtìjú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀kan nínú wa. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wá yá owó, ó ní òun fẹ́ fi ra ọjà. A fún un. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn la tó gbọ́ pé owó iṣẹ́ abẹ ló ń wá. Ìpá ló ní, ojú ló ń tì í láti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Nígbà tówó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó ní ara òun ṣì le, ló bá kó owó sọ́jà lóòótọ́. Kò pé oṣù méjì tí ìpá náà fi há, níbi tó ti ń gbé àpò gààrí. Òru ni wọ́n gbé e dé ọsibítù. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí à ń sọ. Ẹ fọwọ́ kan ìbàdí yín níwájú, ẹ ó kan egungun kan tó yọ gọngọ. Ẹ wá ìsàlẹ̀ ikùn lọ, lókè ojú ara gan-an, ẹ ó kan egungun mìíràn. Láàárín méjèèjì ni okùn líle kan nà sí, lọ́tùn-ún àti lósì. Àwọn dókítà ń pè é ní inguinal ligament. Àwọn mìíràn ń fi orúkọ François Poupart pè é, oníṣègùn ará Faransé tó kú ní 1709. Gígùn rẹ̀ lára àgbàlagbà tó sẹ̀ǹtímítà 12 sí 14. Kì í ṣe okùn tó dá dúró o. Ẹ wo bí télọ̀ ṣe ń ṣẹ́tí aṣọ: awọ iṣan tó bo ikùn ló ṣẹ́ po sínú nísàlẹ̀, ìṣẹ́tí yẹn ló di okùn.

Lókè okùn yìí ni ọ̀nà tóóró kan wà, bíi sẹ̀ǹtímítà 4, bí ihò tí à ń ti okùn ṣòkòtò gbà. Kí a tó bí ọmọkùnrin, inú ikùn ni kóró ẹpọ̀n rẹ̀ wà. Ọ̀nà yìí ló gbà sọ̀kalẹ̀. Bí ẹnu ọ̀nà náà kò bá pa dé dáadáa, ìfun lè tẹ̀ lé e jáde. Ìdí nìyẹn tí ìpá fi pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ, tí wọ́n sì ń bí i mọ́ ọmọ mìíràn.

Nísàlẹ̀ okùn náà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ti ń lọ sí ẹsẹ̀. Ẹ rọra tẹ àárín ibẹ̀, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń lù kì-kì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sápá ojú ara, àlàfo kékeré kan wà. Ìpá tó bá gba ibẹ̀ jáde, obìnrin ló pọ̀ lára wọn jù, ó sì máa ń tètè há nítorí ẹnu rẹ̀ kéré. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ má ṣe sọ pé àrùn ọkùnrin ni.

Kí ló ń tì í jáde? Ẹrù wúwo, ikọ́ tí kò lọ, ìgbẹ́ tí à ń fi agbára yà, ìtọ̀ tí à ń fún kó tó jáde. Gbogbo wọn ló ń ti ìfun mọ́ ibi tí ara ti rọ̀.

Báwo la ṣe ń dá a mọ̀? Ó máa ń wú bí a bá dìde tàbí tí a bá wúkọ́, ó sì máa ń padà bí a bá dùbúlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wíwú ni ìpá: egbò ẹsẹ̀ lè mú kókó yọ níbẹ̀, omi sì lè gbá jọ sínú ẹpọ̀n. Dókítà ló lè sọ èyí tó jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ̀ tí kò padà, tó le, tó ń ro èèyàn, tí èébì sì dé, tí ìgbẹ́ tàbí ìsó kò jáde, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni! Ẹ má fi agbára tì í wọlé, ẹ má mu àgbo ìyàgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́ nìyẹn. Láàárín wákàtí díẹ̀ ìfun lè jẹrà.

Oògùn mímu kò lè dí ihò náà, ìgbànú kò lè dí i. Iṣẹ́ abẹ ló ń dí i. Edoardo Bassini, ará Ítálì, ló fi ọ̀nà rírán iṣan ikùn mọ́ okùn líle yìí han ayé láàárín ọdún 1880 sí 1890. Lóde òní, àwọ̀n tín-ín-rín ni wọ́n sábà máa ń fi dí i. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Uganda, tó jáde ní 2016, fi hàn pé àwọ̀n olówó pọ́ọ́kú, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ṣiṣẹ́ bí olówó ńlá. Dókítà ló ń pa kòkòrò ara rẹ̀ o. Kì í ṣe ti orí bẹ́ẹ̀dì wa!

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá wá yáwó fún iṣẹ́ abẹ, ẹ kọ òtítọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ìgbìmọ̀ kò ní fi yín ṣẹ̀sín, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní jáde ní ọ́fíìsì. Ọjà tí a kò rà lónìí, a ó rà á lọ́la. Ìlera loògùn ọrọ̀.

Èmi ni, Akọ̀wé Ẹgbẹ́ yín.