Nígbà Tí Àpérò Bá Kú Nílé

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àjèjì tó ń tọwọ́ bọ ìṣèlú onílùú, Rọ́ṣíà la sábà máa ń dárúkọ. Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú ti rí irú rẹ̀ tipẹ́. Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀: ní 1845, ọmọ ọba Kòsọ́kọ́ fi Ogun Olómirò lé Akítóyè kúrò lórí oyè Èkó. Àwọn ìjòyè kò rí ọ̀rọ̀ náà yanjú láàárín ara wọn, ni ẹni tí wọ́n lé bá gba Abẹ́òkúta dé Àgbádárìgì, tó sì ké sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní òpin oṣù Kejìlá 1851, àgbá ọkọ̀ ogun wọn fọ́ Èkó. Kòsọ́kọ́ sá, ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí Akítóyè kú ní 1853, Campbell tó jẹ́ kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì sáré rí i pé Dòsùnmú, ọmọ rẹ̀, jọba lójú ẹsẹ̀, àyè kò sí fún àpérò gígùn. Ọ̀pọ̀ akọni Èkó sì ti bá Kòsọ́kọ́ lọ. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé tó sọ Èkó di ti Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ogun Prometheus sì wà lórí ọ̀sà.

Ẹlòmíì á ní epo pupa àti òwò ẹrú ló gbé Gẹ̀ẹ́sì wá, pé bí Èkó tilẹ̀ wà níṣọ̀kan, wọn ì bá wá náà ni. Bóyá. Àmọ́ ẹ wo Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 1854, Campbell yìí kan náà bá Kòsọ́kọ́ ṣàdéhùn níbẹ̀: Kòsọ́kọ́ kò ní bá Èkó jà mọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà sì gbà kí ó máa ṣòwò ní èbúté Palma àti Lẹ́kí. Kì í ṣe ẹni mímọ́ o, òwò ẹrú wà lára ohun tó sọ ọ́ di olówó. Ṣùgbọ́n àwọn tó yí i ká kò tú ká, ìdí nìyẹn tí ẹni tó fi àgbá lé e fi wá ń bá a dúnàádúrà. Ó padà sí Èkó ní 1862. Lọ́dún kejì, Glover, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, kọlu Ẹ̀pẹ́ tí Kòsọ́kọ́ ti fi sílẹ̀. Ti Ìkòròdú le ju ìyẹn lọ. Àwọn Ẹ̀gbá dó tì í ní 1865 nítorí ọ̀nà òwò, ọmọ ogun Glover ló sì tú wọn ká. Ta ló máa dá ará Ìkòròdú lẹ́bi? Síbẹ̀, ìjà Yorùbá sí Yorùbá ló sọ àjèjì di onídàájọ́.

Lónìí, àjèjì kò nílò àgbá. Ní 2019, Facebook pa ọ̀pọ̀ ojú ewé ayédèrú tí iléeṣẹ́ Archimedes Group ti Ísírẹ́lì ń lò rẹ́. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ níbi tí èèyàn bá pọ̀ nídìí àpótí ìbò. Ṣùgbọ́n ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2023, ó lé ní mílíọ̀nù méje tó forúkọ sílẹ̀, àwọn tó jáde láti dìbò ààrẹ kò tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀, ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó borí àti ẹni kejì kò sì tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. A lè ní ìbẹ̀rù jàǹdùkú ló sé ọ̀pọ̀ mọ́lé, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà ipá ọjọ́ ìdìbò kò ṣàlàyé ẹni tí kò bi olùdíje kankan léèrè ohunkóhun láti ọdún kan ṣáájú ọjọ́ náà.