Ojú Àpá Kì í Jọ Ojú Ara: Ọgbẹ́ Èdè Tó Sọ Skull Face di Ìkà

Ọdún kìíní wa ni wọ́n ti kọ́ wa pé tán-án-ná ló ń gbọ̀n bí a bá ń pe ìró akùnyùn. N kò mọ̀ pé màá tún pàdé tán-án-ná nínú géèmù, níbi tí ọkùnrin kan ti ń fi kòkòrò sí i kí ó lè pa gbogbo ẹni tó ń sọ èdè kan. Skull Face ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Òun ni ọ̀tá inú Metal Gear Solid V: The Phantom Pain, géèmù tí Hideo Kojima darí, tí ilé-iṣẹ́ Konami gbé jáde ní ọdún 2015. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí ọgbẹ́ ọkàn ṣe sọ ọ́ di ìkà, àti ibi tí àlàyé náà ti gbọ́dọ̀ dúró.

Ọdún 1984 ni ìtàn náà wáyé, ní Afghanistan àti ní ààlà Àǹgólà pẹ̀lú Zaire. Inú ọkọ̀ jíìpù ni Skull Face ti sọ ìtàn ara rẹ̀ fún Snake, akọni inú géèmù náà. Abúlé kékeré kan ní ìlà-oòrùn Yúróòpù ni wọ́n bí i sí. Ọmọdé ni nígbà tí iná ogun jó o, tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè gbà á lọ́wọ́ àwọn àgbà rẹ̀, tí wọ́n sì fi ipá mú un sọ èdè wọn. Bí ọ̀gá bá yí padà, èdè a tún yí padà. Ó ní bí èdè ṣe ń yí ni òun náà ń yí: èrò òun, ìwà òun, àti ohun tí òun kà sí rere tàbí búburú. A kò gbọ́ orúkọ àbísọ rẹ̀ títí géèmù fi parí.

Ẹ wo àkọlé géèmù náà. Phantom pain ni ìrora tí ẹni tí wọ́n gé lápá ṣì máa ń mọ̀ lára níbi tí apá náà wà tẹ́lẹ̀. Snake kò ní apá òsì mọ́. Ti Skull Face kì í ṣe apá, àpá ni. Ohun tí wọ́n gé kúrò lára rẹ̀ ni èdè abínibí.

Kí ló wá fi ìrora náà ṣe? Ó fi ipá mú Code Talker, bàbá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Navajo ní Amẹ́ríkà, láti bá a ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò àfòmọ́ tó ń gbé nínú tán-án-ná. Bí ẹni tó ní kòkòrò náà bá ń sọ èdè tí wọ́n dá a mọ́, ìró èdè yẹn á mú kí ó máa bí sí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ̀dọ̀fóró ẹni náà títí yóò fi kú. Àwọn tó ń sọ Kikongo ni ó kọ́kọ́ pa ní ibùdó Snake. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni Skull Face fẹ́ pa rẹ́. Ó ní òun ń gba àwọn ẹ̀yà ayé sílẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, yóò ta ohun ìjà núkílíà fún àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké, òun nìkan ni yóò sì mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ di aláìlágbára.

Bí ọgbẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n gba èdè lẹ́nu rẹ̀. Òun náà ń gba èdè àti ẹ̀mí lọ́wọ́ aláìṣẹ̀. Ọ̀gá tó kórìíra ni ó fẹ́ dà.

Kí n jẹ́wọ́: inú mi kọ́kọ́ dùn sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, ẹni tó bá sọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní fanákúlà, ni yóò so páálí kan mọ́ ọrùn títí yóò fi rí ẹlòmíràn mú. Mo so ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nítorí náà, èmi náà a máa ṣọ́ ẹnu àwọn ẹgbẹ́ mi. Títí dòní, ojú ọmọbìnrin kan tí mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn kò kúrò lọ́kàn mi.

Síbẹ̀, ọgbẹ́ nìkan kọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn ọmọ Navajo lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń jẹ wọ́n níyà bí wọ́n bá sọ èdè wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba yẹn kan náà tún fi èdè yìí ránṣẹ́ àṣírí. Ara ẹ̀yà tí ọgbẹ́ yìí bá ni Code Talker, òun ló sì wá oògùn tó kọ́kọ́ dá àjàkálẹ̀ àrùn dúró ní ibùdó Snake. Quiet, obìnrin ayìnbọn, ńkọ́? Wọ́n fi kòkòrò tó ń pa elédè Gẹ̀ẹ́sì sí i lára pé kí ó lọ kó o ran àwọn ènìyàn Snake. Ó yàn láti panu mọ́. Ìgbà tó sì wá sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀mí Snake ló fi gbà là.

Ẹ̀kọ́ wa náà ní nǹkan láti sọ. Skull Face gbà pé èdè ló ń pinnu èrò pátápátá. Ìyẹn ni apá tó le jù nínú àbá tí wọ́n fi orúkọ Sapir àti Whorf pè, ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè kò sì fara mọ́ ọn. Èdè lè tì wá síhà kan, kò lè dè wá lókùn. Bó bá jẹ́ pé èdè ọ̀gá ló ń ronú fún Skull Face, ta ni ó wá ń bínú sí ọ̀gá?

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí ẹ bá gbá géèmù náà, ẹ fetí sí ìtàn inú jíìpù yẹn, kí ẹ sì káàánú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí àwọn elédè Kikongo tó kú.