Ẹjọ́ Ogún Ti Gòkè, Ta Ni Yóò Máa Gba Owó Ilé?

Bí bàbá bá kú ní Mushin, tó fi ilé oníyàrá méjìlá sílẹ̀, mọ̀lẹ́bí ló máa kọ́kọ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí ìpín tí olórí ẹbí ṣe kò bá tẹ́ ọmọ kan lọ́rùn, ó lè gbé e lọ sáàfin. Láti ọjọ́ yẹn, olórí ẹbí kò ní tún ẹjọ́ náà dá mọ́. Ṣùgbọ́n bí òrùlé bá ń jò, tàbí tí àwọn ayálégbé ń jà nítorí omi kànga, òun náà ni wọ́n ṣì máa ké sí.

Irú ipò yẹn ni adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà máa ń wà tó bá ti dá ẹjọ́ ogún tán, tí ẹni tó jẹ̀bi sì gba ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ. Kò lè yí ìdájọ́ rẹ̀ padà mọ́, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kúrò lára ilé náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí lọ́yà bá ti fi ìwé kòtẹ́milọ́rùn sílẹ̀, ohun gbogbo dúró nìyẹn. Wọn a wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Abala 17 nínú Òfin Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kò gbà bẹ́ẹ̀. Kòtẹ́milọ́rùn lásán kì í dá ìdájọ́ dúró, àfi kí èèyàn tọrọ àṣẹ ìdádúró, kí kóòtù sì fún un. Ọ̀dà kì í ṣe àṣẹ kóòtù.

Ẹ wo ẹjọ́ ogún Suberu Dawodu, l'Ékòó níbí. Ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ló fi sáyé lọ. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní orí-òjorí ni kí wọ́n fi pín in, ìyẹn iye ọmọ, ọ̀nà mẹ́sàn-án. Lọ́dún 1958, Federal Supreme Court dà á nù: ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, ìyẹn iye ìyàwó, ọ̀nà mẹ́rin. Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, àwọn yẹn náà sì fọwọ́ sí ìdí-igi lọ́dún 1962. Ká ní wọ́n ti ta ilé, tí wọ́n sì ti pín owó sọ́nà mẹ́sàn-án kí 1958 tó dé, ta ni ìbá gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tó ti fi tiẹ̀ ra mọ́tò?

Ìdí nìyẹn tí kóòtù fi lágbára láti yan alábòójútó fúngbà díẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Alábòójútó yìí lè gba owó ilé, ó lè san gbèsè, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pín ogún. Adájọ́ tún lè ní kí owó ilé máa wọ àkáǹtì tó wà níkàáwọ́ kóòtù. Mo fara mọ́ ìyẹn ju kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n àgbà lọ. Bí ẹ̀bẹ̀ bá sì ti wà níwájú kóòtù, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi tipá lé èèyàn jáde. Ohun tí Supreme Court sọ fún ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ nìyẹn lọ́dún 1986, lẹ́yìn tí wọ́n lé Ojukwu kúrò nínú ilé kan ní Ìkòyí.

Tí àkọsílẹ̀ ẹjọ́ bá ti wọ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀bẹ̀ ń lọ. Adájọ́ Ìkẹjà ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti ń kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí lọ́yà yín bá fi ìwé kòtẹ́milọ́rùn sílẹ̀, ẹ ní kó fi ẹ̀bẹ̀ ìdádúró tì í. Oṣù mẹ́ta lòfin fún yín láti pe kòtẹ́milọ́rùn lórí ìdájọ́ tó parí ẹjọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jàre kò ní fi oṣù mẹ́ta dúró dè yín.