ASẸ́ TÍ A FI Ń ṢE ABẸ́RẸ́ ABOYÚN

Obìnrin tí ń ṣe ògì ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé asẹ́ ni í ya èérí kúrò lára ògì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ti ń rí abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun gan, tí kò fi lè mu ọmú mọ́.

A óò sin kòkòrò àrùn náà nínú omi tí oúnjẹ rẹ̀ wà. Bí ó ti ń pọ̀ sí i, oró rẹ̀, tí í ṣe pùrótéènì, a máa tú sínú omi náà. Asẹ́ kìn-ín-ní, tí 5,000 ihò rẹ̀ lè tò sínú mìlímítà kan, a dá kòkòrò dúró, oró a sì kọjá. Asẹ́ kejì kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ: omi a kọjá, oró a dúró. Nígbà náà ni fọ́málínì yóò pa agbára ìpanilára rẹ̀, ṣùgbọ́n ara yóò ṣì dá a mọ̀, yóò sì múra dè é. Ní 1888 ni Roux àti Yersin ti fi asẹ́ amọ̀ ya oró dìfítíríà sọ́tọ̀ ní Paris.

Inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ gba abẹ́rẹ́ yìí nígbà oyún, kí ààbò rẹ̀ lè dé ara ọmọ; kí a sì fi abẹ tuntun gé ìwọ́ rẹ̀.