Kí Nìdí Tí Ìgò Oògùn Fi Ṣòro Láti Ṣí?

Ẹ̀yin ọmọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ìró yìí rí nílé: ká-ká-ká-ká. Ìyá àgbà ló di ìgò oògùn mú. Ó ń yí ìdérí rẹ̀. Ìdérí náà ń yí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣí. Ìyá àgbà fi etí aṣọ rẹ̀ dì í mú, ó tún yí i. Ká-ká-ká-ká. Ó pòṣé. Ó ní, "Àwọn tó ṣe ìgò yìí, ṣé wọn kò fẹ́ kí n lo oògùn mi ni?"

Ìbéèrè ìyá àgbà dára. Ẹ jẹ́ kí a wá ìdáhùn rẹ̀.

Ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ń fi di oògùn tí a ń rà ní famasí. Òmíràn wà nínú ìgò. Òmíràn wà nínú ike pẹlẹbẹ, hóró kọ̀ọ̀kan sì ní ihò tirẹ̀. Òmíràn wà nínú ìgò tínrín tí a gbọ́dọ̀ ṣẹ́ lórí kí omi inú rẹ̀ tó jáde. Gbogbo wọn ló ń yọ àgbà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí ọ̀kan le kọ́ ló mú kí èkejì le.

Ìdérí tó ń yí lásán

Ẹ wo ìdérí tó ń ké ká-ká-ká yẹn dáadáa. Ìdérí kan kọ́ ni, méjì ni. Ìdérí kékeré wà nínú, ìdérí ńlá sì bò ó, bí ìgbà tí a bá fi igbá ńlá bo igbá kékeré. Tí a bá kàn yí èyí tó wà lóde, yóò máa yí lórí ti inú lásán. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ní eyín kéékèèké. Tí àgbà bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìdérí òde mọ́lẹ̀, eyín rẹ̀ yóò há mọ́ eyín ti inú. Nígbà náà ni àwọn méjèèjì yóò jọ yí, ìgò yóò sì ṣí.

Ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: kí ó tẹ̀, kí ó sì yí. Iṣẹ́ yìí ṣòro fún ọmọ ọdún méjì. Ó lè tẹ̀ ẹ́. Ó lè yí i. Ṣíṣe méjèèjì pọ̀ ni kò mọ̀, agbára ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì tó. Àbúrò rẹ tó ń rìn tagẹ̀tagẹ̀ kiri ilé ni wọ́n fẹ́ fi ìdérí yìí dá dúró. Kì í ṣe ìyá àgbà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń dá a dúró? Ẹ mọ̀ pé gbogbo ohun tí ọwọ́ ọmọ kékeré bá ti tẹ̀, ẹnu ló ń gbé e lọ. Kò mọ oògùn yàtọ̀ sí ohun dídùn tí wọ́n ń tà níwájú ilé ẹ̀kọ́. Hóró oògùn mìíràn pupa, ó sì ń dán. Oògùn olómi ti àwọn ọmọdé tiẹ̀ máa ń dùn lẹ́nu. Ẹ wo hóró tí wọ́n ń fún àwọn aláboyún kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè pọ̀. Irin wà nínú rẹ̀. Ó ń ṣe ìyá lóore, ṣùgbọ́n tí ọmọ kékeré bá gbé ọ̀pọ̀ rẹ̀ mì, ó lè pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ìyá àgbà ń lò. Ara ìyá àgbà tóbi, ti ọmọ kéré. Ohun tó tó fún ìyá àgbà ti pọ̀ jù fún ọmọ.

Dókítà kan ní Kánádà

Ní ìlú Windsor, ní ilẹ̀ Kánádà, dókítà kan wà tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé. Henri Breault ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ń gbé àwọn ọmọ tó ti gbé oògùn àgbà mì wá bá a lóòrèkóòrè, ọ̀rọ̀ náà sì sú u. Ó rò ó pé, kàkà kí a máa sáré tọ́jú ọmọ tó ti gbé oògùn mì, ó sàn kí ọmọ má lè rí ìgò náà ṣí. Ní ọdún 1967, ìdérí tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ kí a tó yí i jáde níbẹ̀. Iye ọmọ tó ń gbé oògùn mì ní agbègbè náà dín kù gidigidi. Nígbà tó di ọdún 1970, ìjọba Amẹ́ríkà náà ṣe òfin lórí irú ìdérí bẹ́ẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìdérí kan dára? Àwọn ọmọdé gan-an ni wọ́n ń gbé e fún! Ní Amẹ́ríkà, wọ́n á mú àwọn ọmọ bí ọdún mẹ́rin, wọ́n á mú wọn jókòó ní méjì méjì. Wọ́n á fún wọn ní ìgò tí oògùn gidi kò sí nínú rẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n ṣí i. Wọ́n á fún wọn ní ìṣẹ́jú 5. Tí wọn kò bá rí i ṣí, àgbà kan á ṣí ọ̀kan níṣojú wọn. Wọ́n á tún sọ fún wọn pé wọ́n lè fi eyín wọn ṣí i tí wọ́n bá fẹ́. Wọ́n á tún fún wọn ní ìṣẹ́jú 5 mìíràn. Nínú 100 ọmọ, ó kéré tán, 80 kò gbọdọ̀ rí i ṣí. Iṣẹ́ mi ni láti máa lọ wo bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe dáadáa nínú kíláàsì, àmọ́ ìdánwò yìí nìkan ni mo mọ̀ tí inú àgbà máa ń dùn bí ọmọ bá fìdí rẹmi.

Lẹ́yìn àwọn ọmọdé, ó kan àwọn tó ti pé ọdún 50 sí 70. Ọjọ́ orí tèmi náà wà níbẹ̀! Nínú 100 wọn, 90 gbọ́dọ̀ rí i ṣí, kí wọ́n sì tún rí i dé padà.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Bí 90 bá ṣí i, ó ku mélòó? Ó ku 10. Ta ni ó tún máa ń ṣòro fún? Ẹni tí làkúrègbé mú ní ìka ọwọ́ ni. Ẹni tí apá kan ara rẹ̀ ti rọ ni. Àwọn gan-an ló sì nílò oògùn jù. Nítorí náà, nígbà tí ìyá àgbà bá ń ráhùn, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹjọ́ rẹ̀ tọ́.

Ohun tí ìwọ lè ṣe

Àgbà tí ìgò bá ti dá lágara máa ń ṣe oríṣiríṣi nǹkan. Àwọn kan á fi eyín ṣí i, eyín á kán. Àwọn kan á fi ọ̀bẹ yọ ìdérí, ọ̀bẹ á yẹ̀, á gé wọn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn á rí i ṣí, wọn kò sì ní dé e mọ́, kí wọ́n má bàa tún jìyà lọ́la. Èyí ló burú jù, nítorí ìgò tí kò ní ìdérí ni àbúrò rẹ ń wá.

Ìwọ kọ́ ló máa ṣí oògùn fún ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o lè ṣe tí ìyá àgbà lè má lè ṣe: o mọ̀wé kà. Wo orí ìdérí náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n kọ ọ́ sí i ní èdè Faransé pé "Appuyer et tourner". Ó túmọ̀ sí "Tẹ̀ ẹ́, kí o sì yí i". Ẹni tí kò gbọ́ Faransé lè máa yí i lásán láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kà á fún ìyá àgbà. Sọ ọ́ ní Yorùbá. Kí ìyá àgbà gbé ìgò lé orí tábìlì, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìdérí mọ́lẹ̀, kí ó tó yí i. Bí kò bá tún ṣí, kí bàbá tàbí ìyá rẹ bá wọn ṣí i. Àgbà tún lè bẹ àwọn ará famasí kí wọ́n ṣí i han òun kí òun tó kúrò níbẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn.

Wo ara páálí oògùn náà. Wàá rí gbólóhùn mìíràn: "Ne pas laisser à la portée des enfants". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, ẹ má ṣe gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé ti lè tó o. Ìwọ náà wà lára àwọn ọmọdé tí wọ́n ń sọ, bí o tilẹ̀ wà ní CE1. Rántí pé nínú 100 ọmọ tó ṣe ìdánwò yẹn, ó lè tó 20 tó rí i ṣí. Ìdérí kàn ń fa ọwọ́ ọmọ sẹ́yìn díẹ̀ ni. Orí àjà tàbí inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ló yẹ kí oògùn wà.

Hóró nínú ike, omi nínú ìgò tínrín

Kí ló dé tí wọ́n fi ń di hóró oògùn kọ̀ọ̀kan sínú ihò tirẹ̀? Fi bisikíìtì sílẹ̀ láìbò ní àkókò òjò. Lọ́jọ́ kejì, kò ní ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu mọ́, yóò ti rọ̀. Omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló wọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe sí oògùn pẹ̀lú, ooru àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ń ba òmíràn jẹ́. Ike ló wà níwájú, bébà dídán tí a fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ló wà lẹ́yìn. Tí àgbà bá tẹ ike, hóró á fọ́ bébà náà, á sì jáde. Àwọn tó kù ṣì wà ní bíbò.

Àwọn kan máa ń tú gbogbo hóró jáde sínú agolo kan kí ó lè rọrùn fún wọn. Wọ́n ti sọ orúkọ oògùn nù nìyẹn, àti ọjọ́ tí kò ní dára mọ́, tí wọ́n kọ EXP sí níwájú. Àwọn mìíràn ń fi àlùmọ́gàjí gé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Igun ike tí wọ́n gé yẹn máa ń mú. Àwọn àgbà kan wà tí ojú wọn kò ríran dáadáa, tí wọ́n gbé hóró mì pẹ̀lú ike rẹ̀, ó sì ya wọ́n ní ọ̀fun.

Ìgò tínrín tó ní ṣóńṣó méjì ńkọ́? Àwọn kan ń pè é ní ańpúlù. Àgbà á fi aṣọ di ṣóńṣó kan mú, á ṣẹ́ ẹ, á sì dorí rẹ̀ kodò sínú ife. Omi oògùn kì í fẹ́ jáde! Ó di ìgbà tí ó bá ṣẹ́ ṣóńṣó ti òkè kí ó tó dà ṣúrú. Ẹ ti rí i bí wọ́n ṣe ń lu agolo wàrà ní ihò méjì. Ihò kan ni wàrà ń gbà jáde, ihò kejì ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà wọlé, wàrà kò ní rí ọ̀nà jáde dáadáa. Bí ańpúlù náà ṣe rí nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kan ṣóńṣó tí wọ́n ṣẹ́ o, ìgò ni, ó ń gé ènìyàn.

Tí ọmọ bá ti gbé e mì

Kì í ṣe oògùn nìkan ni ọmọ ń gbé mì. Nílé wa, a máa ń rọ epo àtùpà sínú ìgò tí a fi mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìgò yẹn kò ní ìdérí tó ń ké ká-ká-ká. Òùngbẹ á gbẹ ọmọ, á rí ìgò tó mọ̀, á gbé e sẹ́nu.

Tí o bá rí àbúrò rẹ tó gbé oògùn tàbí epo mì, ké pe àgbà kíá. Má dúró pé wọ́n á nà ọ́. Àwọn kan máa ń sáré fún ọmọ ní epo pupa mu, tàbí kí wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Àwọn dókítà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ bá ń bì epo àtùpà, epo náà lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ tààrà.

Kí wọ́n sì mú ìgò tàbí ike oògùn náà dání. Dókítà á ka orúkọ tó wà lára rẹ̀, á mọ ohun tó wọ inú ọmọ. Á tún ka ihò tó ṣófo. Bí ihò 10 bá wà lára ike, tí hóró 6 ṣì wà níbẹ̀, tí ìyá àgbà sì sọ pé hóró 1 péré lòun tíì lò, ìwọ náà lè sọ fún dókítà iye tí ọmọ gbé mì.