Ọdún Tí Áténì Lọ Wá Akéwì ní Ìlú Òkú: Ọ̀rọ̀ lórí Ọdún 405 Ṣáájú Ìbí Kristi

Ìbéèrè kan wà tí kì í jìnnà sí etí àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀: kí ni ewì àti eré lè ṣe fún ìlú nígbà tí ìyọnu bá dé? N kò ní fi àbá lásán dáhùn rẹ̀. Ọdún kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, èyíinì ni ọdún 405 ṣáájú ìbí Kristi ní ìlú Áténì, ní ilẹ̀ Gíríìkì. Èrò mi ni pé ní ọdún náà, ìlú kan gbọ́ ìmọ̀ràn gidi lẹ́nu akéwì, ó yìn ín, ó dá a lọ́lá, ṣùgbọ́n kò mú un lò títí ogun fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn ará Áténì fúnra wọn kò mọ ọdún náà ní 405. Orúkọ olóyè tó wà lórí àlééfà ni wọ́n fi ń pe ọdún, ọdún wọn a sì máa bẹ̀rẹ̀ ní àárín ìgbà ooru. Nítorí náà, ìdajì àkọ́kọ́ ohun tí àwa ń pè ní 405 bọ́ sínú ọdún Callias, ìdajì kejì sì bọ́ sínú ọdún Alexias. Nínú ti Callias ni ẹ̀rín wà. Nínú ti Alexias ni ẹkún wà.

Bí ìlú ti rí

Láti ọdún 431 ni Áténì àti Sparta ti ń jagun, bí a bá yọ ọdún díẹ̀ tí wọ́n fi dáwọ́ dúró kúrò. Ní 413, àwọn ọmọ-ogun Sparta tẹ̀dó sí Decelea, kò jìnnà sí Áténì, iṣẹ́ ìwakùsà fàdákà tí ìlú fi ń náwó sì dẹnu kọlẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n yọ́ wúrà ara ère òrìṣà wọn láti fi rọ owó, wọ́n sì ń ná owó bàbà tí a fi fàdákà bò lójú. Ìlú pàápàá ti pín sí méjì. Ní 411, ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní Irinwó fi tipá gba ìjọba. Nígbà tí ìjọba wọn wó, a gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ti tẹ̀lé wọn.

Ní 406, Áténì ṣẹ́gun lójú omi ní Arginusae. Nítorí pé atukọ̀ kò tó, wọ́n ti fi ẹrú kún wọn, wọ́n sì dá àwọn ẹrú náà sílẹ̀, wọ́n fi wọ́n ṣe ọmọ ìlú. Ṣùgbọ́n ìjì kò jẹ́ kí á kó àwọn tí ọkọ̀ wọn ti fọ́ jáde nínú omi. Inú bí aráàlú. Wọ́n dá ọ̀gágun mẹ́jọ lẹ́bi ikú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì pa mẹ́fà tó padà wálé. Socrates, tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí ìpàdé, kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọn kò fetí sí i. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Àwọn balógun tí ìbá gba Áténì là ni òkò rẹ̀ bà.

Ìrìn-àjò sí ìlú òkú

Láàárín àkókò yìí ni Euripides kú sí Makedóníà, Sophocles, tí ó ti tó nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún, sì tẹ̀lé e. Aeschylus ti kú láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà Áténì ti wá di ọjà tí kò lágbà. Orí èyí ni Aristophanes gbé eré rẹ̀, Àwọn Ọ̀pọ̀lọ́, lé, tí a ṣe níbi àjọ̀dún Lenaia ní ìgbà òtútù, ní ìbẹ̀rẹ̀ 405.

Nínú eré apanilẹ́rìn-ín yìí, Dionysus, òrìṣà wáìnì àti ti eré, mú ẹrú rẹ̀ dání lọ sí ìlú àwọn òkú láti mú Euripides padà wá sáyé. Bí ó ti ń tukọ̀ kọjá adágún ni àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń dún sí i létí. Ibẹ̀ ni eré ti gba orúkọ. Ó bá Aeschylus àti Euripides nídìí àríyànjiyàn lórí ẹni tí àga ọlá tọ́ sí. A gbé ẹsẹ ewì wọn lé òṣùwọ̀n bí ẹni ń wọn ọjà. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n nìkan kò parí ẹjọ́. Dionysus bi wọ́n léèrè pé: kí ni kí ìlú ṣe sí Alcibiades, ọ̀gágun ọlọ́gbọ́n tí ó ti bá ìlú jà, tí ó sì wà lẹ́yìn odi? Ọ̀nà wo ni a lè gbà gba ìlú là? Níkẹyìn, Aeschylus ni ó mú padà. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti adùn ewì, ó ti di ti ìgbàlà ìlú.

Ní àárín eré, agbo orin kọjú sí àwọn òǹwòran, wọ́n sì bá ìlú sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti í ṣe lóru. Ìmọ̀ràn wọn kò lọ́jú pọ̀: bí ẹrú tó jagun lẹ́ẹ̀kan bá lè di ọmọ ìlú, tí èyí sì dára, kí á dá ẹ̀tọ́ padà fún ọmọ ìlú tó ṣi ẹsẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi owó ṣe àpèjúwe: ìlú kọ owó àtijọ́ tó dára sílẹ̀, ó ń ná èyí tí kò níláárí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń ṣe sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Eré náà gba ipò kìíní. Dicaearchus, akẹ́kọ̀ọ́ Aristotle, jẹ́rìí pé nítorí ìmọ̀ràn yìí ni a fi tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ọlá tí kò wọ́pọ̀ rárá.

Etí Odò Ewúrẹ́

Ọdún náà kò tíì parí tí ìyà fi dé. Lysander ti Sparta, tí Cyrus ọmọ ọba Páṣíà ń fi owó ràn lọ́wọ́, gba Lampsacus létí Hellespont, ọ̀nà omi tí ọkà ń gbà ti Òkun Dúdú wá sí Áténì. Nǹkan bí 180 ọkọ̀ ogun Áténì lọ dúró sí òdìkejì, ní Aegospotami, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Odò Ewúrẹ́, níbi tí kò sí èbúté, tí kò sí ọjà. Ta ni ó ń gbé nítòsí? Alcibiades ni, ẹni tí a béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú eré. Ó sọ̀kalẹ̀ wá láti inú odi rẹ̀, ó ní kí wọ́n kó lọ sí Sestos tí èbúté àti oúnjẹ wà. Àwọn balógun ní àwọn ni ó ń pàṣẹ, kì í ṣe òun. Ní ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí àwọn atukọ̀ ti túká lọ wá oúnjẹ, Lysander já lù wọ́n. Conon sá lọ pẹ̀lú ìwọ̀nba ọkọ̀ díẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìyókù ni ó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Xenophon, ọmọ Áténì, kọ ọ́ pé òru ni ìròyìn dé, tí ẹkún ti èbúté Piraeus gba ẹ̀gbẹ́ odi gígùn wọ ìlú, tí ẹnikẹ́ni kò sì sùn.

Ìgbà náà ni ìpàdé ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí àbá Patrocleides, pé kí á dá ẹ̀tọ́ padà fún ọ̀pọ̀ àwọn tí a ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìmọ̀ràn inú eré nìyẹn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti lọ. Ebi pa ìlú títí ó fi túúbá ní 404, a sì wó odi rẹ̀. Ọgbọ̀n ọkùnrin tí Sparta tì lẹ́yìn gba ìjọba, wọ́n sì pa nǹkan bí 1,500 ènìyàn. Nígbà tí aráàlú gba ìjọba padà ní 403, wọ́n búra pé àwọn kò ní rántí ibi àtẹ̀yìnwá. N kò sọ pé eré kan ni ó mú ìbúra yìí wá. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n ṣe tán láti rin ọ̀nà náà, kò ṣàjèjì sí wọn: a ti fi orin sọ ọ́ fún wọn rí.

Àsọkágbá

Òkú tí Dionysus kò mú padà kò dákẹ́. Lẹ́yìn ikú Euripides, ọmọ rẹ̀ gbé Bacchae jáde ní Áténì, èyí tí àwọn onímọ̀ fi sí ọdún 405 yìí kan náà, ó sì gba ipò kìíní. Nínú eré apanilẹ́kún náà, ọba Pentheus kọ etí ikún sí òrìṣà tó wá bá a, títí ìyá tó bí i fi fà á ya. Eré yìí ni National Theatre ní London ní kí Wọlé Ṣóyínká tún kọ, tí a sì ṣe níbẹ̀ ní 1973. Ṣóyínká rí ìbátan Ògún lára Dionysus, ó sì fún àwọn ẹrú ní ohùn nínú agbo orin. Mo rò pé àwọn atukọ̀ Arginusae ìbá mọ ohun tí ó ń wí.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún bi wá ní ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á dáhùn níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Akéwì kò lè wa ọkọ̀ ogun, kò sì lè sọ owó bàbà di fàdákà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó gbé ọ̀rọ̀ sí ibi tí ìlú yóò ti bá a nígbà tí ojú rẹ̀ bá là. Iṣẹ́ tó kù, ti àwa tí a jókòó ní ìwòran ni. Áténì fún ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀bùn kí ó tó mú un lò. Nígbà tí a bá ń pàtẹ́wọ́ fún akéwì tiwa, kí á máa rántí wọn.