Agbára Sogúndogójì: Àlàyé lórí Ìlòkulò Egbòogi Olóró àti Ipa Rẹ̀ lórí Òṣìṣẹ́, Eléré Ìdárayá àti Àwùjọ

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022, àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń gbógun ti òwò àti lílò egbòogi olóró, já wọ ilé ìkẹ́rùsí kan ní ẹ̀sìtéètì Solebo ní ìlú Ìkòròdú. Kokéènì tí ó wọn kílógíráàmù 1,855 ni wọ́n bá nínú àwọn báàgì ìrìn-àjò àti dúrọ́ọ̀mù. Àjọ náà fi iye rẹ̀ sí ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù 193 náírà, wọ́n sì kéde pé láti ìgbà tí a ti dá àwọn sílẹ̀, àwọn kò tíì gba kokéènì tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Àárín ilé gbígbé ni ẹrù yìí wà.

Irú ìròyìn báyìí a máa mú kí ènìyàn rò pé ọ̀ràn àwọn ọlọ́jà ńlá tí ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí òkè òkun nìkan ni egbòogi olóró. Apá kan ọ̀rọ̀ nìyẹn. Apá kejì, tí ó kan àwa olùkọ́ jù, ni ti ẹni tí kò fojú kan kokéènì rí, ṣùgbọ́n tí ó ń gbé hóró tramadol mì kí ó tó wọ iṣẹ́ òru. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lo egbòogi ní ilé-iṣẹ́, ní pápá ìṣeré àti ní àdúgbò ń wá, èyí ni agbára tí kì í ṣe tiwọn. Àwọn baba wa mọ owó èlé kan tí wọ́n ń pè ní sogúndogójì: ẹni tí ó yá ogún yóò san ogójì. Irú owó èlé bẹ́ẹ̀ ni agbára tí a yá lọ́wọ́ egbòogi.

Oògùn, Egbòogi àti Oró

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Nínú èdè Yorùbá, oògùn ni ohun tí ń wo àìsàn, oògùn ni ohun tí a fi ń dáàbò bo ara ẹni, oògùn náà sì ni ohun tí a fi ń ṣe ènìyàn ní ibi. Egbòogi ní tirẹ̀ wá láti ara egbò igi, ìyẹn gbòǹgbò igi tí a fi ń ṣe ìwòsàn. Kò sí àbùkù kankan lára ọ̀rọ̀ náà. 'Olóró' tí a so mọ́ ọn ni ó yí i padà. Bẹ́ẹ̀ ni oníṣègùn ìbílẹ̀ tí ó mọṣẹ́ kì í fún ènìyàn ní oògùn lásán. Yóò sọ òdiwọ̀n rẹ̀, yóò sọ àsìkò lílò rẹ̀, yóò sì ka èèwọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a bá gba oògùn tí a kọ òdiwọ̀n, tí a kọ àsìkò, tí a kọ èèwọ̀, ìlòkulò ti dé nìyẹn, ìbáà jẹ́ ilé ìtajà oògùn ni a ti rà á.

Tramadol jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì. Oògùn ìrora ni, àwọn dókítà a máa lò ó fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ìwọ̀n mílígíráàmù 50 àti 100 ni àjọ NAFDAC fọwọ́ sí. Èyí tí a ń tà ní bòókẹ́lẹ́ a máa tó 200 tàbí 225. Ó ń lọ sí ibi tí ọpọlọ ti ń gba ìròyìn ìrora, ó sì ń pa ìròyìn náà mọ́ ọn lẹ́nu. Àárẹ̀ kò kúrò nínú iṣan. Etí ọpọlọ ni a di. Bí ó bá pẹ́, yóò mọ́ ọn lára, hóró kan kò ní tó mọ́, méjì yóò di mẹ́rin. Bí ẹni náà bá dá a dúró lójijì, yóò máa làágùn, ara yóò máa ro ó, oorun yóò dá lójú rẹ̀. Àlòjù rẹ̀ a máa fa gìrì, a sì máa dín mímí kù títí èémí yóò fi dúró, pàápàá bí ọtí bá kún un. Ogún ti di ogójì nìyẹn.

Ipa Rẹ̀ lórí Okòwò

Ọ̀dọ̀gùnyàn, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Ṣágámù, ni Ìkòròdú Industrial Estate wà. Ní irú agbègbè ilé-iṣẹ́ ńláńlá báyìí, iṣẹ́ kì í sùn: òṣìṣẹ́ ọ̀sán a máa fà á lé ti òru lọ́wọ́. Lébìrà tí ń gba owó òòjọ́ mọ̀ pé bí òun kò bá lè ṣiṣẹ́ lónìí, kò sí owó lónìí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má wá adùn kankan nínú egbòogi. Bí yóò ṣe gbé àpò tí ó kù ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ojú ẹni tí ó dúró tì í ti wúwo. Ọwọ́ tí kò tètè fà sẹ́yìn ni ẹ̀rọ ń gé. Awakọ̀ ẹrù tí kò sùn láti àná ni ọkọ̀ ń gbé wọ igbó. Agbanisíṣẹ́ pẹ̀lú ń pàdánù: ọjà a bàjẹ́, owó ìtọ́jú a ga, ẹni tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ a sì di ẹni àtìpasẹ̀.

Nítorí náà, kí ilé-iṣẹ́ máa lé ẹni tí ó bá lo egbòogi nìkan kò tó. Wákàtí iṣẹ́ tí ó mọ níwọ̀n, ìsinmi tòótọ́ àti owó iṣẹ́ tí ó tó jẹun wà lára ìwòsàn náà. Èrè tí a bá jẹ lórí agbára àyálò, àyálò ni òun náà.

Ipa Rẹ̀ lórí Eré Ìdárayá

Ní pápá ìṣeré, gbèsè yìí kì í pẹ́ tí ó fi ń hàn, nítorí pé àwọn tí ń yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò wà níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2021, wọ́n dá Blessing Okagbare dúró níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Tokyo, ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó sáré ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá, nítorí èròjà amúdàgbà tí wọ́n bá nínú ara rẹ̀. Ní 2022, wọ́n fi òfin dè é fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì tún fi ọdún kan kún un.

Ti Birmingham ní 2022 kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù. Àwọn obìnrin mẹ́rin gba wúrà fún Nàìjíríà nínú eré ìje olọ́pàá ti mítà 100 lọ́nà mẹ́rin ní ìdíje Commonwealth. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, wà lára wọn. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé Grace Nwokocha lo èròjà tí òfin kọ̀, wúrà náà bọ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, England ni ó sì gbà á. Ẹnì kan yá agbára. Àwọn mẹ́ta tí kò mọ ìdí rẹ̀ bá a san gbèsè.

Ipa Rẹ̀ lórí Àwùjọ

Bí ó ti rí ní pápá ni ó rí nínú ẹbí. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí ọdún 2018 fi hàn pé nínú àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 15 sí 64, nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ni ó lo egbòogi nílòkulò láàrin ọdún kan, láì ka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni èyí ní gbogbo Nàìjíríà. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó tó ìdá 33. Obìnrin ni ẹnì kan nínú mẹ́rin. Ìyá tí ń ta ẹrù ọjà rẹ̀ láti tọ́jú ọmọ, àbúrò tí owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá a lọ, oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n kọlù lójú ọ̀nà, gbogbo wọn ni ń san èlé náà.

Ìjọba ológun gbìyànjú ìbọn. Òfin 20 ti ọdún 1984 sọ òwò yìí di ẹjọ́ ikú, wọ́n sì yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Èkó ní oṣù kẹrin ọdún 1985. Ní 1986, wọ́n yọ ìdájọ́ ikú kúrò. Òfin 48 ti ọdún 1989 sì dá NDLEA sílẹ̀. Ní 2018, ìjọba fòfin de omi oògùn ikọ́ tí ó ní kodéènì. Òfin ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹni tí ìdí tí ó fi ń mu ún kò kúrò yóò wá òmíràn.

Ojúṣe Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Olùkọ́ Yorùbá ní ohun èlò tí ọlọ́pàá kò ní. Èkíní ni èdè. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi orúkọ dídùn bo oró mọ́lẹ̀: igbó, kolorádò, skuchies. Kí olùkọ́ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó irú orúkọ bẹ́ẹ̀ jọ, kí wọ́n sì jọ tú ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni àṣà. Nígbà tí a bá ń kọ́ni nípa ìwòsàn ìbílẹ̀, kí a tẹnu mọ́ òdiwọ̀n àti èèwọ̀. Nígbà tí a bá ń kọ́ni nípa ìwọ̀fà àti owó èlé, kí a fi ti egbòogi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀kẹta ni ojú àánú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń sùn ní kíláàsì lè jẹ́ ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ òru dé. Kí a bi í léèrè kí a tó nà án. Bí ó bá sì ti wọ inú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a mú un lọ, kí a má ṣe sọ ọ́ di ẹni ìtìjú láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpátá nìkan ni egbòogi olóró. Òṣìṣẹ́ tí ó rẹ̀, eléré tí ń wá àmì-ẹ̀yẹ àti ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ̀ dàrú jọ ń yáwó ní ilé kan náà ni. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Èrò yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ fi lé ọmọ lọ́wọ́, kí ó lè béèrè iye èlé kí ó tó na ọwọ́ gba ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́.